Abọ́ Omi Lẹ́bàá Odi

Okùn kànga mi ni wọ́n fi dè mí. Mo dá a mọ̀ nítorí kókó kan tó wà lágbedeméjì rẹ̀, tí èmi fúnra mi ta. Iṣẹ́ agbẹ́kànga ni mo ń ṣe kí ogun tó wá dó tì wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni okùn yẹn fi ń sọ̀ mí sínú ihò tó sì ń fà mí jáde láyọ̀, kó tó wá di ohun tí wọ́n fi so ọwọ́ mi mọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pé ewúrẹ́ ni mí. Yàrá tí wọ́n ń kó okùn sí lẹ́yìn àká ọkà ni wọ́n tì mí mọ́, níbi tí òórùn ọ̀dà àti ìgbẹ́ eku ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kí ìlú tó pa mí.

Kí ẹ lè mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi. Ogun tó bá dó ti ìlú, tí kò rí odi fò, tí ìbọn àgbá rẹ̀ kò sì rí odi fọ́, abẹ́ odi ló ń gbà. Wọ́n á gbẹ́ ihò láti ibùdó wọn wá, wọ́n á fi òpó igi gbé odi ró látìsàlẹ̀, wọ́n á di igi gbígbẹ sáàárín àwọn òpó náà, wọ́n á sì tiná bọ̀ ọ́. Bí òpó bá jóná tán, odi á jókòó. Ohun tí a fi ń mọ̀ kó tó dé bẹ́ẹ̀ kò ju abọ́ omi lọ. A ó bu omi kún abọ́ dé ẹnu, a ó gbé e kalẹ̀ nídìí odi, a ó sì dọ̀bálẹ̀ tì í. Bí dígà bá ń balẹ̀ nísàlẹ̀, ojú omi á máa gbọ̀n. Èmi tí mo ti fi ìdajì ayé mi gbé inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń wo abọ́, ni gbogbo ìlú bá ń pè mí ní Etí-Ilẹ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì níwájú ìgbìmọ̀ ogun, mo sì búra. Mo ní bí mo bá sùn nídìí abọ́, tàbí tí mo bá rí omi tó gbọ̀n tí mo sọ pé kò gbọ̀n, kí ìlú gba ẹ̀mí mi, kí Ọlọ́run má sì bá wọn jà nítorí rẹ̀. Ẹnu mi ni mo fi pe ikú. Kò sí ẹni tó bá mi pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wo gbogbo abọ́ yí odi ká, mo lọ jíṣẹ́ fún Balógun pé ilẹ̀ dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odi apá àríwá jókòó.

Ìjà ọjọ́ náà kò pẹ́. A fi ilẹ̀kùn ilé, ọmọlanke àti àga ìjókòó ilé ìjọsìn dí ibi tó là, a sì lé wọn padà. Ṣùgbọ́n ọmọ Balógun ló ń ṣọ́ apá ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, abẹ́ òkúta ni a sì ti wú u jáde. Ọmọ kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà bí nìyẹn. Ohùn rẹ̀ ló máa ń gbe orin ìyàwó mi lẹ́yìn tí a bá ń kọrin lórí odi nírọ̀lẹ́.

Òkè àká ni ìgbìmọ̀ ń jókòó sí. Wọ́n tì mí gun àtẹ̀gùn náà lọ, mo sì kúnlẹ̀ láàárín àpò ọkà. Bí Balógun ti ń wọlé ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń kí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

"Asà Ìlú! A-dúró-má-yẹsẹ̀! Ọ̀kan ṣoṣo tí ń dínà mọ́ ẹgbẹ̀rún!"

Ó jókòó, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Erùpẹ̀ apá àríwá ṣì wà ní ìdí èékánná rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Baba Ẹ̀tù, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ẹ̀tù ìbọn. Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn mi láti ọjọ́ tí kànga tí mo gbẹ́ fún un ti gbẹ.

"Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́," ó ní. "Ìwọ lo la ẹnu ogiri wa. Kí ni wọ́n ṣèlérí fún ẹ?"

"Baba, ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí nǹkan kan fún mi. Omi ò gbọ̀n ni mo ṣe ní kò gbọ̀n."

"O sùn nìyẹn."

"Mi ò sùn, sà."

"Bí o ò bá sùn, o purọ́. Bí o ò bá purọ́, o sùn. Àbí ihò ọ̀hún gbẹ́ ara ẹ̀ ni?"

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn, ó tiẹ̀ ju okùn lọ. Ojú mi méjèèjì ni mo fi wo omi yẹn, ó sì dúró jẹ́ẹ́ bí ojú ọmọ tó sùn. Mo ti ro ó títí, n kò rí ibi tó ti já.

Àlùfáà wa dìde. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ebi ìgbà ogun sì ti sọ ọrùn rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́ nínú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kó sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ẹ̀."

Mo sọ ọ́. Mo ní láti ìdájí ni à ń wo abọ́, a ń gba ara wa sípò, títí di ìgbà orin. Bí orin bá parí, a ó padà sídìí abọ́. Mo ní a kì í wò ó nígbà orin nítorí gbogbo ìlú ló ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ lórí odi, omi á kàn máa jó lásán.

"Ìgbà orin kọ́ là ń sọ," Baba Ẹ̀tù gbà á lẹ́nu mi. "Nígbà orin, àwọn ọ̀tá gan-an kì í mí. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni. Láti ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí a ti gun odi lọ kọrin sí Ọlọ́run ni àgbá wọn ti ń dákẹ́ ní kété tí ìyàwó mi bá ti la ẹnu. Àlùfáà ti fi wàásù pé ìbẹ̀rù Olúwa ti bọ́ sí àgọ́ wọn. A gbà á gbọ́, orí wa sì wú. Bí a ṣe ń kọ ọ́ ni à ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ gìdìgìdì, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé wa kún.

Balógun gbójú sókè. "O búra?"

"Mo búra, Balógun."

"Ta ló fipá mú ẹ?"

"Kò sí."

"Mi ò ní dá ẹjọ́ yìí nítorí ọmọ mi. Ìbúra ẹ ló dá a." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Lẹ́yìn orin ìrọ̀lẹ́ òní, nídìí abọ́ ẹ ní apá ìlà-oòrùn, wọ́n á yìnbọn fún ẹ níbẹ̀, kí àwọn tó kù tó ń wo omi lè mọ̀ pé iṣẹ́ kì í ṣeré."

Àlùfáà bẹ̀ ẹ́ pé kó sún un di ọ̀la. Balógun mi orí.

"Ọlọ́run ni yóò dá ẹjọ́ mi," ni mo sọ. Ó jáde lẹ́nu mi bíi ti akíkanjú.

"Òun náà ló ń gbọ́ gbogbo ẹ̀," Balógun dáhùn. "Kó dá sí i bó bá fẹ́."

Wọ́n jẹ́ kí ìyàwó mi wọlé wá bá mi nínú yàrá okùn. Agogo ni ìlú ń pè é nítorí ohùn rẹ̀. Bó bá pe ọmọ lẹ́yìn ilé, ará àdúgbò kejì á dáhùn. Lọ́jọ́ náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó fún mi lómi mu, ó sì fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu àgbọ̀n mi.

"Wọ́n ní èmi náà ni kí n lé orin lónìí," ó ní. "Mo ti sọ fún wọn pé mi ò lé."

"Wàá lé e."

"Kí n kọrin kí wọ́n lè ráyè pa ẹ́? Ọkọ mi, ṣé orí ẹ pé?"

"Bí o ò bá kọrin, àwọn tó wà níta á mọ̀ pé ọkàn ìlú ti já. Ọ̀la ni wọ́n á gùn wá. Àwọn ọmọ wa wà nínú ìlú yìí."

Lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè ohun tí mo ti ń sá fún. "Ṣé o ṣì gbà pé Ọlọ́run wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Bí mo bá wà nínú kànga," mo ní, "mi ò kì í rí ẹni tó di okùn mú lókè. Òkùnkùn ni mò ń rí. Àmọ́ okùn ò já rí."

Ó wo ọwọ́ mi. "Okùn ọ̀hún náà ni wọ́n fi dè ẹ́ yìí."

Ẹni tó bá fẹ́ fi òwe tan Agogo, kó lọ sùn kó tún jí. Ṣùgbọ́n kó tó jáde, ó gbé iwájú orí rẹ̀ lé tèmi, ó ní òun á kọ ọ́, nítorí àwọn ọmọ.

Nígbà tó lọ tán, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti bẹ Ọlọ́run títí fún ẹ̀mí mi, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ni mo bá yí àdúrà padà. Mo ní, "Olúwa, bó bá jẹ́ pé O ti pinnu, ó dáa, Ìwọ lo ni mí. Ẹyọ kan péré ni mo bẹ̀ Ọ́: má jẹ́ kí ohùn rẹ̀ já lórí odi. Jẹ́ kó kọ ọ́ parí." Mo tún un sọ títí wọ́n fi wá mú mi.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n mú mi dé odi ìlà-oòrùn. Abọ́ mi ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, omi kún un dé ẹnu. Wọ́n mú mi jókòó síwájú rẹ̀. Àwọn oníbọn dúró lápá kan, wọn kò wo ojú mi, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ti mu omi kànga mi. Balógun jókòó lórí àpótí ọta, Baba Ẹ̀tù sì dúró tì í. Lókè orí wa, ìlú ti ń tò sórí odi.

Agogo la ẹnu, àgbá àwọn ọ̀tá sì dákẹ́ bí ìṣe wọn.

"Ta ló fi ìpìlẹ̀ ayé sọlẹ̀?"

"Ìwọ ni, Olúwa, Ìwọ ni!" Gìdì, gìdì, ẹsẹ̀ ìlú ń balẹ̀. Omi inú abọ́ ń jó.

"Ta ló ń rí wa nínú ibú?"

"Ìwọ ni, Olúwa, Ìwọ ni!"

Ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin. Mo ń dúpẹ́ nínú mi. Ó kù díẹ̀, mo ní, ó kù díẹ̀.

"Ta ló ń dá ẹjọ́..."

Ó já. Ó tún un gbé, "Ta ló ń dá...", ó tún já. Mo gbọ́ bó ṣe gbé ẹkún mì.

Nínú orin wa, bí ẹni tó ń lé kò bá lé, ẹni tó ń gbè kì í gbè. Gbogbo ìlú dákẹ́ lórí odi, ẹnikẹ́ni kò gbé ẹsẹ̀. Inú bí mi sí Ọlọ́run lákòókò náà, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ Ẹ́, ìyẹn náà kò ṣe é. Mo sorí kọ́, ojú mi sì bọ́ sínú abọ́.

Omi náà ń gbọ̀n.

Kò sí ẹsẹ̀ tó ń kilẹ̀. Kò sí atẹ́gùn. Omi gbọ̀n, ó dúró, ó tún gbọ̀n, bí dígà ṣe ń lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́. Àṣé ìbẹ̀rù Olúwa kọ́ ló ń pa àgbá wọn lẹ́nu mọ́. Orin wa ni wọ́n ń dúró dè. Ìgbà tí a bá ń kọrin ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, bí a bá sì parí tí a padà sídìí abọ́, wọ́n á gbé dígà kalẹ̀.

"Balógun," mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́. "Ẹ dákun, ẹ wá wo omi."

"Ó ti dé," ni Baba Ẹ̀tù wí. "Ẹni omi ń gbé lọ, kí ni kò ní dì mú?"

Ṣùgbọ́n Balógun ti dìde. Ó wá, ó kúnlẹ̀, ó tẹ ojú rẹ̀ súnmọ́ abọ́. Omi gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló dúró pátápátá, nítorí àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà ti fura pé orin kò lọ mọ́. Nígbà tí Baba Ẹ̀tù fi máa bẹ̀rẹ̀ wò ó, ojú omi ti dúró jẹ́ẹ́.

"Èmi ò rí nǹkan kan o," ó ní.

Balógun wò mí. Ọ̀rọ̀ wa wá ku èmi àti ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ kú. Bó bá ní òun kò rí i, ta ni yóò já a nírọ́?

"Èmi rí i," ó ní.

Ó gun odi lọ fúnra rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí Agogo létí. Ìyàwó mi bojú wolẹ̀ wò mí níbi tí mo jókòó sí pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, kò sì tíì sí ẹni tó sọ fún un pé wọn ò ní pa mí mọ́. Balógun na ọwọ́ sí àwọn èèyàn pé kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kilẹ̀. Agogo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó sì gbé orin níbi tó ti já.

"Ta ló ń dá ẹjọ́ tí kì í yẹ̀?"

"Ìwọ ni, Olúwa, Ìwọ ni!"

Kò pẹ́ tí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

Balógun sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ gé okùn náà. Okùn gidi ni, ó dùn mí díẹ̀. Ó ní, "Níbo?" Mo gbé abọ́ síhìn-ín, mo gbé e sọ́hùn-ún, títí mo fi rí ibi tí omi ti ń gbọ̀n jù. Mo gba dígà lọ́wọ́ ọmọ ogun kan, mo kọlu ilẹ̀. Orin tó ń bo ìró dígà wọn mọ́lẹ̀ ló wá ń bo tiwa. Ìlú kọ ọ́, wọ́n tún un kọ, àwọn tí ohùn wọn ti ha ń ṣí ẹnu lásán, Agogo kò sì jẹ́ kó sinmi. Nígbà tí ilẹ̀ ya lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, a rí àwọn òpó igi tuntun tí wọ́n ti tò sábẹ́ odi. A fi èéfín ata fín wọn, wọ́n sá. Baba Ẹ̀tù fúnra rẹ̀ yí àgbá ẹ̀tù kan wọnú ihò náà, ó tiná bọ̀ ọ́, ihò sì wó lé ara rẹ̀. Nígbà tó jáde, gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀ ti jó. Ó bojú wò mí, ó ní, "Kànga mi ṣì gbẹ o." Ẹ̀bẹ̀ tó mọ̀ ọ́n bẹ̀ nìyẹn, mo gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, Àlùfáà dúró níwájú ìjọ, ó jẹ́wọ́ pé òun ti sọ ohun tí Ọlọ́run kò sọ. Èyí kò rọrùn fún un. Balógun kò wá sí ìsìn náà. Apá àríwá ni mo bá a, lórí òkúta tó wó.

"Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ibí yìí," ó ní, "orin là ń kọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Balógun."

"Ọmọ mi ló ń gbè é."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọlọ́run sì ń gbọ́ méjèèjì, orin àti dígà. Kí ló dé tí kò jẹ́ kí ohùn ìyàwó ẹ já lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ibí yìí?"

Mo jókòó tì í. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú, ṣùgbọ́n èmi tí mo fi gbogbo ọ̀sán bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣe ohun tó gbà mí là, kí ni mo mọ̀ nínú ọgbọ́n rẹ̀ tí mo fẹ́ fi kọ́ baba ọmọ? Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ṣì wà. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀." Ó kígbe mọ́ mi pé kí n lọ. Mo dìde, mo sún díẹ̀, mo tún jókòó. Kò lé mi mọ́.

Láti ìgbà náà ni a ti yí orin ìrọ̀lẹ́ padà. A ó kọ ìlà kan, a ó dákẹ́ kí a wo abọ́, kí a tó kọ òmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí a fẹ́ dán an wò, Balógun rìn wá sídìí abọ́ mi ní ìlà-oòrùn, ó ní kí n gun odi lọ bá ìyàwó mi, òun ni yóò wo omi. Mo lọ.

"Ta ló ń rí wa nínú ibú?" Agogo lé e.

"Ìwọ ni, Olúwa, Ìwọ ni!"

A dákẹ́. Gbogbo ìlú di èémí mú. Nísàlẹ̀, Balógun tẹrí ba lórí abọ́, kò gbé orí sókè, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo na ọrùn láti orí odi, mo sì rí i: omi ń gbọ̀n. Àwọn oníbọn náà rí i. Obìnrin kan fi igbe ta, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí lọ sídìí ìbọn.

Balógun na ọwọ́ sókè sí wa. Omijé ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sínú abọ́, ẹyọ kan tẹ̀lé òmíràn.

"Ẹ má bẹ̀rù," ó ní. "Èmi ni."